Ẹ̀kọ́ Ìdárayá ní Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Onígbàgbọ́

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá, àròkọ tí ó ń ṣe àlàyé ni èyí. Bí o bá bá irú orí-ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú ìdánwò, má ṣe sáré bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn ọjọ́ tí ilé-ìwé yín ṣe eré ìje, bí ẹgbẹ́ yín ti gba ife, àti bí ẹ ti jó dé ilé. Ìròyìn nìyẹn, kì í ṣe àlàyé. Ohun tí olùdánwò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ ni pé: Kí ni nǹkan yìí? Báwo ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa? Báwo ni a ti ń ṣe é? Kí ni àǹfààní rẹ̀? Kí ni ó ń bà á jẹ́? To ìdáhùn rẹ ní ẹsẹẹsẹ, kí o sì fún kókó kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí gùn ju èyí tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á gùn ni, kí o lè rí ohun púpọ̀ ṣà nínú rẹ̀.

Ìlapa èrò

1. Ìtumọ̀ ẹ̀kọ́ ìdárayá
2. Bí ó ti dé ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́
3. Bí a ti ń kọ́ ọ
4. Àǹfààní rẹ̀ fún ara, fún ọpọlọ àti fún ìwà
5. Ohun tí ìgbàgbọ́ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀
6. Àwọn ohun tí ó ń bà á jẹ́
7. Ẹrù tí ó wà lọ́rùn ọ̀gá ilé-ìwé, òbí àti ìjọ
8. Ìgúnlẹ̀

Àròkọ náà

Bí agogo bá dún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ sì wí pé ìdárayá ni ó kàn, o kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí inú àwọn ọmọ ti dùn tó. Àwọn mìíràn yóò ti bọ́ bàtà kí olùkọ́ tó parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò wí pé eré lásán ni. Àṣìṣe ńlá ni èyí, òun sì ni mo fẹ́ fi àlàyé mi tún ṣe.

Ẹ̀kọ́ ìdárayá ni ẹ̀kọ́ tí a fi ń kọ́ ọmọ bí yóò ti lo ara rẹ̀: bí yóò ti dúró ṣánṣán, bí yóò ti sáré, bí yóò ti fò, bí yóò ti ju nǹkan, bí yóò ti hán bọ́ọ̀lù, àti bí yóò ti bá ẹlòmíràn ṣeré láìjà. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú eré àkókò ìsinmi. Ní àkókò ìsinmi, ọmọ ń ṣeré bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó lágbára ni ó ń gba bọ́ọ̀lù, ẹni tí kò lágbára a sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, a máa wòran. Nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá, olùkọ́ wà níbẹ̀, ó ti pinnu ohun tí ó fẹ́ kọ́ wọn, kò sì gbọdọ̀ sí òǹwòran kankan nínú kíláàsì náà. Di gbólóhùn yìí mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àròkọ yìí dúró lé: ẹ̀kọ́ ìdárayá wà fún gbogbo ọmọ, kì í ṣe fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ọmọ wa ti ń dára yá. Wọ́n ń ja ìjàkadì ní òṣùpá, wọ́n ń ta òkòtó, wọ́n ń ṣe bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran, wọ́n ń gun igi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, wọ́n sì ń jó. Ní ọdún 1842 ni àwọn ajíhìnrere Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ti CMS gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Láìpẹ́, wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò, orin àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdárayá kò jẹ́ nǹkan bàbàrà nínú iṣẹ́ wọn nígbà náà.

Nígbà tí ó ṣe, dírìlì wọlé. Àwọn ọmọ a tò ní ìlà gbọọrọ, olùkọ́ a pàṣẹ, wọn a na ọwọ́ sókè, wọn a bẹ̀rẹ̀, wọn a yípo, bí àwọn ológun. Ní ọdún 1933, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé ìlànà kan jáde lórí ìdárayá fún àwọn ilé-ìwé tiwọn. Ìwé náà dé Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ níhìn-ín sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ọdọọdún, tí í ṣe Ẹ́ḿpáyà Déè, àwọn ọmọ ilé-ìwé a yan kọjá níwájú aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà wọn a sá eré ìje. Ọjọ́ náà ti kọjá lọ pẹ̀lú ìjọba amúnisìn, ṣùgbọ́n yíyan kò lọ. A ṣì ń rí i ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún.

Àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn sì kó ipa nínú eré tí gbogbo ayé ń ṣe lónìí. Ní ọdún 1891, James Naismith, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin onígbàgbọ́ tí a ń pè ní YMCA ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà, so agbọ̀n èso méjì sókè, ó sì ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Ibẹ̀ ni básíkẹ́ẹ̀tì-bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1895, William Morgan, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú YMCA ní ìlú Holyoke, dá fọ́lí-bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn tí básíkẹ́ẹ̀tì-bọ́ọ̀lù le jù fún. Kíyè sí i pé nítorí àwọn tí kò lè ṣe eré kan ni ó fi ronú èyí èkejì. Ìwà olùkọ́ rere nìyẹn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ọmọ pọ̀ ní ilé-ìwé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti onígbàgbọ́ lónìí, oríṣi méjì ni. Èkínní ni ilé-ìwé tí ìjọ dá sílẹ̀, tí ó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan, ṣùgbọ́n tí ìjọba ń bójú tó. Irú èyí sábà máa ń ní pápá, nítorí àwọn àgbà ìjọ ti gba ilẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò wọ́n. Èkejì ni èyí tí ìjọ ń fi owó ara rẹ̀ ṣe ní ìgboro, tí àwọn òbí ń san owó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kọ̀ǹpútà, wọn kò ní pápá. Ẹ̀yìnkùlé oní-sìmẹ́ǹtì ni gbogbo ibi tí ọmọ lè na ẹsẹ̀ sí.

Wàyí o, báwo ni a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí? Ká ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni táímù-tébù fún olùkọ́ kíláàsì kẹta, tí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ogójì. Ìpín mẹ́rin ni yóò pín àkókò náà sí. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ wà fún mímú ara gbóná: rírìn kánkán, sísáré jẹ́jẹ́, fífò láti ojú kan, nína ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e wà fún ohun tuntun tí ó fẹ́ kọ́ wọn, bí àpẹẹrẹ, bí a ti ń ju nǹkan kí a sì hán an. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn wà fún eré tí wọn yóò ti lo ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn wà fún mímú ara rọ̀, mímu omi àti fífọ ọwọ́, kí wọ́n tó padà wọ kíláàsì.

Bóyá o ó wí pé, ‘Níbo ni olùkọ́ yóò ti rí bọ́ọ̀lù?’ Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ogójì ọmọ tò tẹ̀ lé ara wọn, tí jíjù kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú àáyá 15, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò parí kí ó tó yí gbogbo wọn ká. Ìyẹn ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ lé díẹ̀ dúró lásán. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá rán àpò aṣọ kékeré mẹ́jọ, tí ó rọ àgbàdo tàbí iyanrìn sínú wọn, tí ó sì pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, ọmọ márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà. Owó tí a ná kò ju ti àkísà, abẹ́rẹ́ àti òwú lọ. O rí i pé kì í ṣe àìní ni ó ń fa òǹwòran ní gbogbo ìgbà, àìronú ni.

Àǹfààní ẹ̀kọ́ yìí pọ̀. Èkínní ni ti ara. Àwọn baba wa ní ìlera loògùn ọrọ̀. Bí ọmọ bá ń sáré, ọkàn rẹ̀ a máa fún ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara pẹ̀lú agbára, ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ a máa fẹ̀, iṣan rẹ̀ a máa le, egungun rẹ̀ a sì máa lágbára sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 níyànjú ní ọdún 2020 pé kí wọ́n máa lo nǹkan bí 60 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ nínú eré tàbí iṣẹ́ tí ó ń mú ara gbóná. Ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ rin máìlì méjì lọ sí ilé-ìwé láyé àtijọ́, tí ó sì pọn omi ní ìrọ̀lẹ́, ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mọ́tò gbé wá, tí mọ́tò gbé padà, tí ó sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú, níbo ni yóò ti rí 60 ìṣẹ́jú yìí bí kò ṣe ní ilé-ìwé?

Èkejì ni ti ọpọlọ. Ọmọ tí ó ti jókòó láti aago mẹ́jọ, ojú rẹ̀ a máa rẹ̀. Bí ó bá jáde lọ sáré díẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì yí ara ká, yóò padà wá pẹ̀lú ojú tí ó mọ́lẹ̀. Èyíkéyìí olùkọ́ tí ó ti kọ́ ìṣirò lẹ́yìn ìdárayá, tí ó sì ti kọ́ ọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ni ti ìwà. Lórí pápá ni ọmọ ti ń kọ́ láti dúró nígbà tí fèrè bá dún, àní bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ láti pàdánù láìsunkún, kí ó sì borí láìfi ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà. Nínú eré ọlọ́pàá, níbi tí ẹnì kan ti ń fa ọ̀pá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti nínú okùn fífà, ọmọ a mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nígbà náà, kí ni ìgbàgbọ́ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Àwọn kan rò pé ọkàn nìkan ni ìgbàgbọ́ kàn, kò kan ara. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì, nínú ìwé rẹ̀ kìn-ín-ní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, fi ara wé tẹ́ḿpìlì, ó sì fi eré ìje ṣe àkàwé ìrìn-àjò onígbàgbọ́. Kò lè lo irú àkàwé bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé eré ìje jẹ́ ohun ìtìjú. Nítorí náà, ilé-ìwé tí ó ń kọ́ ọmọ láti bójú tó tẹ́ḿpìlì yìí kò kúrò lórí iṣẹ́ ìjọ.

Wo Eric Liddell, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti ọdún 1924 ní Páríìsì, ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ eré 100 mítà sí, eré tí ó mọ̀ jùlọ. Ó kọ̀, kò sá a. Ó sá 400 mítà dípò rẹ̀, ó sì gba wúrà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, ó ń ṣe olùkọ́ àti ajíhìnrere níbẹ̀. Ohun tí ilé-ìwé wa lè kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀rí ọkàn tóbi ju ife ẹ̀yẹ lọ. Ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn ẹlòmíràn bákan náà. Ní ilé-ìwé onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ Mùsùlùmí máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ń gba ààwẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe lé e sáré nínú oòrùn. Bí ọmọ Ìjọ Séfẹ́ǹtì Déè bá wà níbẹ̀, kí ilé-ìwé rántí pé Sátidé tí wọ́n fẹ́ fi eré ìje sí jẹ́ ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí sí jù, èyíinì ni àwọn ohun tí ó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni jíjí àkókò rẹ̀ gbà. Bí ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ìwé girama bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ìdárayá ni olùkọ́ kíláàsì kẹfà kọ́kọ́ máa ń fi ìṣirò rọ́pò. Ìkejì ni sísọ ọ́ di iṣẹ́. Wọn a ní kí àwọn ọmọ lọ ro koríko tàbí kí wọ́n pọn omi, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdárayá ni wọ́n ṣe. Ríro ọgbà ilé-ìwé kò burú, ṣùgbọ́n kí a pè é ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Ẹ̀kẹta, tí ó burú jù, ni sísọ ọ́ di ìyà. Ọmọ pẹ́ dé, sá yí pápá ká. Ọmọ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Bí ìdárayá bá ti di pàṣán, báwo ni ọmọ yóò ti fẹ́ràn rẹ̀?

Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èyí, nítorí èmi náà ṣe é. Kò tíì pẹ́ tí mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni, wọn kò sì tíì gbé mi lọ sí ilé-ìwé girama nígbà náà. Mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ìjọ dá sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan pẹ́ dé. Mo ní kí ó sá yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹsẹ̀ ń ro mí.’ Mo ní ọ̀lẹ ni. Nígbà tí ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jókòó sílẹ̀, ó di orúnkún mú, ó sì ń ké. A gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ sáré dé pẹ̀lú káàdì kan lọ́wọ́. Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, tí àwọn dókítà ń pè ní síkù-sẹ́ẹ̀lì, ni ó ń bá ọmọ náà fínra láti kékeré. Ìyá yìí ti sọ fún olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní kíláàsì kejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà kò bú mi. Ohun tí ó wí ni pé, ‘Tíṣà, ẹ̀ bá ti bi í léèrè.’

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ náà lò lórí ibùsùn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó padà wá. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò fi eré sísá jẹ ọmọ níyà mọ́. Mo sì ra ìwé kékeré kan, tí mo ń kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àìsàn tí ó ní, oògùn tí ó ń lò, àti ibi tí a ti lè rí òbí rẹ̀. Bí mo bá ń fi kíláàsì sílẹ̀, mo máa ń fi ìwé náà lé olùkọ́ tí ó kàn lọ́wọ́.

Má ṣe tìtorí èyí rò pé ọmọ tí ó ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ìdárayá. Ó lè ṣe é, ó sì yẹ kí ó ṣe é, ní ìwọ̀n tí dókítà bá gbà. Kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa sinmi láàárín, kí a má ṣe jẹ́ kí òjò tàbí òtútù pa á, kí ó sì dúró ní kété tí ó bá wí pé ó rẹ òun. Ọmọkùnrin tí mo sọ yìí padà sí pápá. Ó ń ju àpò, ó ń hán an, ó sì ń rìn yí pápá ká ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà eré ìje, òun ni ó ń fọn fèrè ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ti ọmọ tí ó ní ásímà, tí mímí rẹ̀ máa ń há: kí oògùn tí ó ń fà sí ẹnu wà nítòsí, kì í ṣe nínú báàgì ní kíláàsì.

Ohun mìíràn tí ó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ni pípa àwọn kan tì. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọbìnrin ni a ń ní kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọkùnrin. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ṣé yóò sá 100 mítà olóhun-àfòkọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní oṣù keje ọdún 2022, tí kò sí obìnrin kan láyé tí ó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà? Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún ni a ń ní kí ó jókòó ti báàgì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Folashade Oluwafemiayo kò lè fi ẹsẹ̀ sáré, ṣùgbọ́n ó fi apá gbé irin, ó sì gba wúrà fún Nàìjíríà ní ìdíje Paralympics ti Tokyo àti ti Páríìsì ní ọdún 2024. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a ń gé sọnù nínú wọn.

Ta ni ẹrù yìí wà lọ́rùn rẹ̀? Ó wà lọ́rùn ọ̀gá ilé-ìwé, kí ó rí i pé a kò jí àkókò ìdárayá gbà, kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì sì wà nítòsí. Ó wà lọ́rùn olùkọ́, kí ó yẹ pápá wò kí ọmọ tó tẹ̀ ẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ó dára kí a gbàdúrà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí a má ṣa ìgò fífọ́ kúrò nílẹ̀. Òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, ni ó dára jù fún eré sísá. Ó wà lọ́rùn òbí, kí wọ́n sọ àìsàn ọmọ wọn fún ilé-ìwé láìfi pamọ́, kí wọ́n sì fún un ní oúnjẹ àárọ̀. Ó wà lọ́rùn ìjọ pẹ̀lú. Bí ìjọ bá fẹ́ kọ́ ilé-ìwé, kí ó wá ilẹ̀ pápá kí ó tó kọ́ òkè kejì. Èyí tí kò sì rí ilẹ̀ lè ṣí ọgbà ilé ìjọsìn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ní ìgúnlẹ̀, a ti rí i pé ẹ̀kọ́ ìdárayá kì í ṣe eré lásán. Ẹ̀kọ́ gidi ni, tí ó ní ìlànà, tí ó ń kọ́ ara, tí ó ń jí ọpọlọ, tí ó sì ń tún ìwà ṣe. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti onígbàgbọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí òun ti ń ṣe é dáadáa tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó má ṣe ka iye ife tí ó wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Kí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nígbà ìdárayá, kí ó ka iye ọmọ tí ó dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń wòran. Bí kò bá sí ẹnì kan níbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ déédéé. Bí ẹnì kan bá sì wà níbẹ̀, kí olùkọ́ lọ bá a, kí ó bi í léèrè.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́

(a) Wo bí ìtumọ̀ ti ṣáájú, tí ìtàn tẹ̀ lé e, kí bí a ti ń ṣe é tó wọlé. Bí o bá to àròkọ rẹ báyìí, òǹkàwé kò ní í sọnù.

(b) Ìtàn ọmọkùnrin tí ó ṣàìsàn kò gba ju ìpínrọ̀ méjì lọ. Nínú àròkọ tí ó ń ṣe àlàyé, ìtàn jẹ́ ẹlẹ́rìí, kì í ṣe onílé. Bí ó bá ti jẹ́rìí tán, kí ó jáde.

(d) Òwe tí mo lò kò pọ̀. Má ṣe da òwe sílẹ̀ bí ẹni da erèé. Èyí tí ó bá bá ọ̀rọ̀ mu nìkan ni kí o lò.

(e) Gbólóhùn ìkẹyìn padà sí ọ̀rọ̀ tí a ti gbọ́ lẹ́nu ìyá ọmọ náà, àti sí òǹwòran tí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Irú ìgúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi han olùdánwò pé o mọ ibi tí o ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdánrawò

1. Ṣe àlàyé bí a ti ń ṣètò ọjọ́ eré ìje ní ilé-ìwé yín, láti ìgbà tí a bá ti fa ilà sórí pápá títí di ìgbà tí a bá pín ẹ̀bùn.
2. Kọ àròkọ lórí àwọn eré òṣùpá ilẹ̀ Yorùbá àti àǹfààní wọn fún ìlera ọmọdé.
3. ‘Kò yẹ kí a fi ìdárayá jẹ ọmọ níyà.’ Ṣe àlàyé lórí ọ̀rọ̀ yìí.